Yìnyín Kò Gbọdọ̀ Ṣáájú Ìrẹsì

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Besar

Wọ́n ti mú ọjọ́. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, Rumini ẹ̀gbọ́n mi yóò lọ sílé ọkọ. Ìyá ka ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n ní kò sí ọjọ́ mìíràn tó mọ́ nínú oṣù Besar yìí. Oṣù Sura ló sì tẹ̀ lé e, ta ló ń gbéyàwó nínú Sura, oṣù èèwọ̀? Ó ti di dandan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí nítorí pé bí n kò bá rí ibì kan da ìbínú mi sí, orí ènìyàn ni n óò dà á sí.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìnáwó abúlé yìí ti ku mọ́kànlá: àwa sinoman Kidul nìyẹn. Àwọn yòókù wà ní Batam, wọ́n wà ní Korea, wọ́n wà ní ilé iṣẹ́ bàtà. Ọ̀ọ́dúnrún àlejò ni Ìyá ń pè. Àwọn alásè ìlú tí ń gbowó kò ṣeé sún mọ́ fún obìnrin tó ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe tempe tà. Sinoman Lor náà kò ju méjìlá lọ. Ojú omi oko ìrẹsì nìkan ló pín abúlé wọn àti tiwa níyà, ọmọdé lè fò ó, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dáyé, a kò tíì jọ gbé abọ́ kan rí.

Tí a kò bá jọ gbé e báyìí, ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó lórí àga ìyàwó níwájú àwọn tí ebi ń pa.

Ooru mú. Bíríkì tí mo yọ láàárọ̀ ti gbẹ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Besar

Mo lọ bá Wardoyo ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun ni olórí wa. Ó ń tú alùpùpù oníbàárà kan palẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dara pọ̀ mọ́ Lor."

"Kelik, ṣé oòrùn ibi ààrò bíríkì yẹn ti wọ̀ ọ́ lórí ni?"

"Mọ́kànlá ni wá."

"Mọ́kànlá tó mọṣẹ́. Àwọn Lor yẹn, bí ẹni ń gbé omi ìfọṣọ ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀. Pramuji wọn á tún wá máa fọn fèrè bíi ọlọ́pàá ojú títì."

"Ẹ ṣáà gbà pé wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lọ́wọ́. Èyí tó kù, ẹ kọ́ wọn."

Ó gbójú sókè. Ó wá ní, "Ta ló máa dúró níwájú?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ta ló máa dúró níwájú.

Síbẹ̀ n kò lè bínú sí i tán. Nígbà tí Bàbá kú, òun ló sáré kiri kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló pín tíì fún gbogbo àwọn tó wá jókòó tì wá, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń gbé tíréè lé ọwọ́ kan kí ọbẹ̀ má mì. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni, èèyàn á fara da agídí rẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí tèmi náà kò kéré.

Ọjọ́ Ajé, 4 Besar

Mo fo ojú omi lọ sí Lor. Pramuji, olórí wọn, ń ta káàdì fóònù ní iwájú ilé rẹ̀. Ó ti rán aṣọ bátíìkì aláwọ̀ ewé fún gbogbo sinoman rẹ̀, èyí tó wọ̀ lónìí náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ìnáwó.

"Kelik oníbíríkì! Wardoyo ló rán ọ?"

"Ara mi ló rán mi."

"Sọ fún ọ̀gá rẹ kó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà."

"Àwa tí a kò wọ bàtà ń gbé abọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà ń gbé mẹ́fà."

Ó rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé Bàbá Wiryo wà létí ojú omi gan-an, ìbátan Lor ni wọ́n, ìbátan Kidul sì ni wọ́n, ọmọbìnrin wọn sì ń lọ sílé ọkọ ní ọjọ́ kẹtàlá. Kí a fi tiwọn dán an wò. Mo ní ó dáa. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kí Wardoyo mọ̀ pé èmi ni n óò dúró níwájú o."

Ọjọ́rú, 6 Besar

Ìpàdé nílé Bàbá Bayan. Ìbátan Bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ń bá olórí abúlé ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tuntun tó wù wọ́n rí láyé wọn. Wọ́n ní látọjọ́ aláyé ti dáyé, Lor ń ṣe ti Lor, Kidul ń ṣe ti Kidul. Wardoyo ní òun yóò dúró níwájú. Pramuji ní òun ni. A jẹ ẹ̀pà sísè títí, a kò débì kan. Nígbà tó yá, Bàbá Bayan fẹ́ lọ sùn, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì dúró: Wardoyo ní iwájú àtíbàbà, Pramuji ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, kò sẹ́ni tó ń fi atukọ̀ méjì sínú ọkọ̀ kan."

Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo tún sọ ọ́ níbi tí mo jókòó sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Besar

Ata wẹ́wẹ́ ti gbówó lórí gan-an. Ìyá ní bí ó bá fẹ́ gun òkè ọ̀run kó máa gun ún, àwọn á se ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Besar

Iléyá. A jẹ ẹran títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìrun, Wardoyo àti Pramuji bọ ara wọn lọ́wọ́ ní iwájú mọ́sálásí, ẹni méjì tó ń wo òkè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Besar

N óò kọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Tíì, ọbẹ̀, ìrẹsì, yìnyín, ilé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n. Tí a bá gbé ife yìnyín síwájú àlejò, onílé ti dágbére fún un nìyẹn. Á mu ún, á dìde, á bọ onílé lọ́wọ́, á lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn Lor ń gbé fún apá ọ̀tún àtíbàbà, àwa ń gbé fún apá òsì. Tíì lọ dáadáa. Ọbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn Pramuji fẹ́ kí apá tirẹ̀ ṣáájú, ó fọn fèrè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kún ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná fọ́fọ́, wọ́n ń gbé ìrẹsì jáde. Àwa kò rọ́nà wọlé. Èmi wà láàrin ìlà pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ tó ti tán lọ́wọ́. Mo rí Wardoyo níwájú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó darí ìlà wa gba ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n to tíréè yìnyín sí, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n. Wardoyo kò rí ohun tó wà níbẹ̀, iwájú lójú rẹ̀ wà. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ọwọ́ gòkè, sinoman gbé. Kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ìlà gbé ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Gbogbo apá òsì gba yìnyín láìtíì jẹ ìrẹsì. Bàbá Bayan wo ife náà. Wọ́n wo ojú ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n mu yìnyín náà tán, wọ́n nu irungbọ̀n, wọ́n dìde. Bí wọ́n ṣe dìde, gbogbo apá òsì dìde. Apá ọ̀tún ní ìrẹsì lórí itan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kàn án ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun tó ń jẹun nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dágbére? Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n dìde pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà da orí alága ètò rú, ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, dípò kó bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìkádìí. Ìyẹn ló parí rẹ̀.

Bàbá Wiryo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń bọ àlejò ṣì nà síwájú. "Wọ́n ti lọ?" ni wọ́n ń bi mí. "Gbogbo wọn?"

Aya Bàbá Wiryo ń sunkún nílé ìdáná níwájú òkìtì ìrẹsì.

Wardoyo àti Pramuji ti dojú kọ ara wọn ní ẹ̀yìn ilé. "Ìwọ lo dí ọ̀nà!" "Ìwọ lo fọ́jú!" Bí eku kò bá lè jẹ sèsé, á fi ṣàwàdànù, àwọn olórí wa rèé. N kò dá sí wọn. Mo kó ìrẹsì sórí tíréè tó tóbi jù. Ó wúwo. Ọmọbìnrin kan láti Lor, Wiji, gbá etí kejì mú.

"Níbo là ń gbé e lọ?" ló bi mí.

"Sílé wọn."

"Sílé ta?"

"Ẹni tí ebi ń pa."

Bí a ṣe jáde, àwọn kan tẹ̀ lé wa, bátíìkì ewé àti aláìwọ bàtà, kò sẹ́ni tó fọn fèrè fún wọn, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́. Ilé Bàbá Bayan la kọ́kọ́ kàn.

"Ẹ gbàgbé oúnjẹ yín, Bàbá."

"Mo ti mu yìnyín."

"Ẹ mu ún ṣáájú. Ìrẹsì ló kù."

Wọ́n fẹ́ bínú. Ebi kò jẹ́. Wọ́n gbà á.

Títí ìrọ̀lẹ́ la fi ń gbé e. Wiji ní mo ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó lóyún. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ kì í lóyún. Ó ní ìdí tó fi yà á lẹ́nu nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 14 Besar

Wọ́n ti sọ wá di ẹlẹ́yà. Mo lọ ra epo mọ́tò, alágbàtà ní, "Kelik, ṣé kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ṣéńjì kí o tó sanwó?" Àwọn ọmọdé níbi kànga ń kọrin pé yìnyín, tíì, yìnyín, ilé.

Bàbá Wiryo kò jáde lónìí. Wọ́n ń ti ilé wọn wo ojú omi. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀gàn lọ.

Alásè ìlú kan gbọ́, ó ti wá sílé wa pẹ̀lú àwòrán oúnjẹ aláràbarà. Ìyá jẹ́ kó jókòó. Nígbà tó lọ, wọ́n lọ dúró ti màlúù wa lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ẹ má wo màlúù yẹn bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Ta ló ń wò ó?"

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Besar

Pramuji wá fúnra rẹ̀. Ó bá Ìyá sọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ títí, ó mu tíì, ó wá gbé e kalẹ̀: Lor yóò sìn ní ìgbéyàwó Rumini, gbogbo wọn, wọn yóò tún wá àwọn ìbátan kún un láti abúlé kẹta. Kidul lè fọ abọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́. Wardoyo kò gbọdọ̀ yọjú.

Ìyá wò mí. Mo mọ ohun tó wà nínú ojú yẹn: a kò ní ta màlúù mọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ò gbà."

"Kelik!" ni Ìyá ké.

"Ọkùnrin náà ló wẹ ẹsẹ̀ Bàbá mi kí wọ́n tó dì í. Tí kò bá lè yọjú níbi ìgbéyàwó ọmọ Bàbá mi, kí ẹnikẹ́ni má yọjú."

Pramuji dìde. "Nígbà náà, ìwọ nìkan ni kó gbé e."

"N óò gbé e."

Ìyá kò gbé oúnjẹ alẹ́ fún mi. Rumini gbé oúnjẹ mi wá, ó jù ú kalẹ̀ gbàgà. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ìgbéyàwó mi ni, kì í ṣe tìrẹ àti Wardoyo?"

Òótọ́ ni. Síbẹ̀ n kò gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Besar

Mo lọ sọ fún Wardoyo. Inú rẹ̀ dùn. Ó lu èjìká mi, ó ní òun mọ̀ pé ọmọ gidi ni mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Pramuji dí ọ̀nà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló gbé yìnyín jáde. Ẹ kò wo ohun tó wà nílẹ̀. Pramuji lẹ̀ ń wò."

Ó fi sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Jáde."

"N óò jáde. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́."

"Jáde, kí o sì wá olórí mìíràn fún ara rẹ!"

Nítorí náà, lánàá mo lé Lor, lónìí mo lé Kidul. Afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀rùn ń gbé eruku bíríkì wọ ojú mi bí mo ṣe ń bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé eruku ni.

Ọjọ́ Ajé, 18 Besar

Mo yọ bíríkì púpọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ọwọ́ mi bó.

Wiji gba ibi ààrò kọjá. Ó ní àwọn kan ní Lor ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí a gbé ìrẹsì lọ sílé wọn. Ó ní wọ́n gbádùn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ wa," ló wí. "A kàn gbé e."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún àlejò kò ṣeé kàn gbé."

"Mo mọ̀. Olórí là ń wá tí kò ní máa wo olórí kejì."

Mo ronú sí ìyẹn títí tí omi fi pọ̀ jù nínú amọ̀ mi. Ta ni Pramuji á mójú tó gidi, tí kò ní ráyè wo Wardoyo? Ẹni tó lè dójú tì í ni. Àwọn ọmọ Wardoyo.

Mo da amọ̀ náà nù. Mo mọ ohun tí n óò ṣe. Wọn yóò pè mí ní wèrè.

Ọjọ́rú, 20 Besar

Kumbokarnan, ìpàdé tí onílé fi ń pín iṣẹ́ ìnáwó, wáyé nílé wa lónìí. Gbogbo àwọn tí a fẹ́ kó ràn wá lọ́wọ́ ló wá, àti Lor àti Kidul, nítorí pé ẹni tí onílé bá pè sí kumbokarnan tí kò wá, ó ti kọ ilé náà lọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn. Wardoyo jókòó sí igun kan. Pramuji jókòó sí igun kejì. Ẹ̀gẹ́ sísè ń lọ yí ká.

Arákùnrin Ìyá ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé wa, nítorí pé n kò gbọ́ èdè ọ̀wọ̀ dáadáa. Mo ní rárá, èmi ni ọkùnrin ilé yìí. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi lẹ́nu níbi púpọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́, mo ṣáà ń sọ ọ́ lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo fi ìrẹsì wa, ọbẹ̀ wa àti orúkọ Bàbá mi lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin sinoman Lor, apá òsì ni tiyín. Ẹ̀gbọ́n Wardoyo ni olórí yín. Ẹ̀yin sinoman Kidul, apá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n Pramuji ni olórí yín."

Ẹnì kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ dáwọ́ dúró.

Bàbá Bayan ní, "Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí."

Mo ní, "Àlejò kò fi ebi kúrò nídìí ìnáwó rí ní abúlé yìí, Bàbá. Ó sì ti ṣẹlẹ̀."

Mo yíjú sí Ìyá àgbà Painem, tó ń ṣe àkóso ohun mímu níbi gbogbo ìnáwó wa látìgbà tí Ìyá mi ti jẹ́ ìyàwó. "Ìyá àgbà, ọ̀dọ̀ yín ni yìnyín wà. Ife kan kò gbọdọ̀ jáde, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ wá bèèrè rẹ̀. Tí ẹnì kan bá dá wá, ẹ da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀."

"Inú mi á dùn," ni wọ́n wí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ.

Pramuji kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ dìde, kí ẹ kọ̀ ọ́ lójú Ìyá mi."

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n di aṣọ ìnuwọ́ mú lọ́wọ́ méjèèjì. N kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo Pramuji. Wọ́n wo Wardoyo. Wọn kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kàn dúró.

Pramuji kò dìde.

Wardoyo wò mí pẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí," ló wí. Ó na ọwọ́, ó mú ẹ̀gẹ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Besar

A fi bíríkì sórí tíréè dípò abọ́, a ń dánra wò ní àgbàlá wa. Pramuji fọn fèrè, àwọn ọmọ Kidul dúró bí igi. Ó tún un fọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ là ń wò, a kì í gbọ́ fèrè." Ó bú wọn. Ó wo ojú wọn. Ó fi fèrè sápò, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń jí nǹkan mú. Wọ́n gbé tíréè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò wọ́n tìyanutìyanu.

Ní apá kejì, Wardoyo ń pariwo mọ́ àwọn Lor. Wiji ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò dití o." Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé tíréè lé ọwọ́ kan kí ọbẹ̀ má mì.

Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. N kò ní kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Besar

Àwọn àlejò pọ̀ ju iye tí a pè lọ. Ó hàn gbangba pé àwọn kan wá wòran ohun tí yóò bàjẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú Ìyá, mò ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín.

Tíì lọ. Ọbẹ̀ lọ.

Ìrẹsì. Apá ọ̀tún ti Pramuji lọ bí omi. Ní apá òsì, ọ̀kan nínú àwọn Lor yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ mẹ́jọ túká, ìlà Wardoyo sì gé sí méjì. Àwọn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ní apá òsì jókòó pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Àwọn tó wà ní apá ọ̀tún ti ń jẹun tán. Mo rí Bàbá Bayan ní apá òsì, tí wọ́n ń yí ọrùn wo apá ọ̀tún. Mo rí Rumini lórí àga ìyàwó, àtíkè ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí n mọ ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti di ti ọkọ rẹ̀ mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Wiji ló sọ fún mi. Pramuji lọ bèèrè yìnyín. Tirẹ̀ ti tán, ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i.

Ìyá àgbà Painem ní, "Ìkejì rẹ dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Màá dúró dè é."

Kẹ́tùrù wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pramuji wo kẹ́tùrù náà. Ó wo apá òsì. Kò sí bí yóò ṣe rí yìnyín tí Wardoyo kò bá parí. Ó ká apá bátíìkì rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ Kidul, ó gbé tíréè kan fúnra rẹ̀, ó gba àárín àtíbàbà kọjá.

Ìyẹn ni mo fojú ara mi rí. Olórí Lor ń gbé ìrẹsì, àwọn ọmọ Kidul ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ Lor tó wà lábẹ́ Wardoyo. Wardoyo rí i tó ń bọ̀. Mo rò pé yóò lé e. Ó yà fún un lọ́nà, ó sì fi ọwọ́ hàn án: ọwọ́ ẹ̀yìn, ìlà méjì tó kẹ́yìn.

Gbogbo ènìyàn jẹun. Mo dúró títí mo fi rí abọ́ Bàbá Bayan tó ṣófo.

Wiji ní nígbà tí àwọn méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan wo òrùlé, ẹnìkan wo ilẹ̀.

"Yìnyín," ni Wardoyo wí.

Ìyá àgbà fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ohùn ẹnì kan ni mo gbọ́."

"Yìnyín, Ìyá àgbà," ni Pramuji wí.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ máa gbé e."

Yìnyín jáde. Wọ́n mu ún, wọ́n dìde, wọ́n ń bọ Ìyá lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ, ọ̀rá ọbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá dì mí lápá mú. Wọn kò fi mí sílẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn fi jáde.

Àfi Bàbá Bayan. Wọ́n ti mu yìnyín tiwọn, wọn kò dìde. Àtíbàbà ti ṣófo, àwọn ọmọ ti ń to àga, wọ́n ṣì jókòó. Mo lọ bá wọn.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti gbé àwọn ọmọ Kidul fún ará Lor?" ni wọ́n bi mí.

"Kò sẹ́nì kan, Bàbá. Èmi ni onílé."

Wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ ife wọn. "A óò ṣe ìnáwó ìdábẹ́ ọmọ ọmọ mi lẹ́yìn Sura. Ìwọ bá mi sọ fún àwọn méjèèjì."

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n pa pọ̀."

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Ẹ óò gbé abọ́ yín fúnra yín."

Wọ́n wò mí títí. Mo wò wọ́n padà. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àga tí wọ́n ti jókòó lé láti àárọ̀, wọ́n gbé e la àtíbàbà kọjá, wọ́n sì tò ó lé orí àwọn tó kù.